Kabasomi Abwooli àti Òfin Tó Kọ Ìkíni

Àga kan wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àwọn olóko tíì, lẹ́yìn ìlú Fort Portal ní ilẹ̀ Tooro, ní Uganda, tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí àyàfi Kabasomi, obìnrin tó ń gba àlejò níbẹ̀. Àga náà ti mọ olówó rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá dán an wò, yóò máa yọ̀ lọ sí apá òsì, nítorí apá òsì ni Kabasomi máa ń fì sí bó bá ń na ọrùn wo ẹni tó ń gun òkè bọ̀. Kò fẹ́ kí ènìyàn já lu òun lójijì. Kí onítọ̀hún tó fi ẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn, Kabasomi yóò ti rántí empaako rẹ̀, yóò sì ti gbé e sẹ́nu dè é.

Ìkíni gbígbẹ kò sí ní Tooro. Ẹni tó kí ọ ní ẹ káàárọ̀ tí kò pe orúkọ oríkì rẹ mọ́ ọn dà bí ẹni tó gbé oúnjẹ síwájú rẹ tó sì gbé omi ìfọwọ́ sá lọ. Orúkọ oríkì yẹn ni empaako. Kò sí ọmọ tí wọn kì í sọ ọ́, àwọn orúkọ náà kò sì pọ̀. Ìka ọwọ́ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kà wọ́n tán. Gbogbo ilẹ̀ náà ló ń pín wọn lò. Bí o kò bá mọ ti ẹnìkan, o gbọ́dọ̀ béèrè. Bí wọ́n bá béèrè tìrẹ, o gbọ́dọ̀ dáhùn. Kabasomi fúnra rẹ̀, Abwooli ni. Ọ̀kan ṣoṣo ni a kì í pín, ìyẹn Okaali. Ọba ló ni ín, òun nìkan.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ṣí ojú-ewé kan lórí Fesibúùkù, Alága Manyindo wo gbogbo yàrá yí ká, ó ní, "Ta ló mọ gbogbo ènìyàn?" Gbogbo ojú sì kọ sí ẹnu ọ̀nà. Báyìí ni Kabasomi ṣe di olùtọ́jú ojú-ewé. Kò rí ìyàtọ̀ kan láàárín iṣẹ́ tuntun yìí àti ti àtijọ́. Ẹnu ọ̀nà ni ẹnu ọ̀nà ń jẹ́. Ohun tó bá kọjá níwájú rẹ̀ ló ń yà, ohun tó bá yà ló ń gbé síbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ tó ń kó ewé rì sínú ẹrẹ̀, ó gbé e síbẹ̀. Ó kọ nọ́ńbà fóònù ara rẹ̀ síbẹ̀ gàdàgbà, kí ẹni tó bá ṣìnà lè pè é. Bí Alága bá ń lọ sí Mbarara, yóò kọ ọ́ pé Alága ń lọ sí Mbarara, yóò sì fi àwòrán orí Alága tì í lẹ́yìn, bí orí náà ṣe ń tẹ̀ wọ inú ọkọ̀. Orí yẹn pá, ó ń dán, oòrùn àárọ̀ sì máa ń bá a mu.

Lára Rusoke ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ bàjẹ́.

Rusoke jẹ́ olóko tíì, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́, ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òjò pa á lóko lọ́jọ́ kan, ó sáré wọlé, kò rí ṣòkòtò gbígbẹ kankan, ó sì fi gáùn ìyàwó rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. Gáùn náà ní òdòdó lára, ó sì ní wájawàja lọ́rùn. Kabasomi ń kọjá lọ, ó rí i, ó yà á. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Apuuli wa ọ̀wọ́n! Ewé tíì kì í béèrè ohun tí o wọ̀." Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ títí dé Kampala. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Rusoke gun òkè wá, ó ń mí bí ẹ̀wìrì.

"Abwooli!"

"Apuuli! Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ rí i bí ayé ṣe fẹ́ràn yín?"

"Wọ́n ń pè mí ní Maama Apuuli ní ṣọ́ọ̀ṣì!"

"Ẹ̀yin náà lẹ wọ gáùn."

"Inú oko mi ni mo ti wọ̀ ọ́! Mi ò wọ̀ ọ́ lójú ayé. Ta ni mo sọ fún pé kó yà mí? Òfin wà nílùú yìí, Abwooli. Àwòrán ènìyàn kì í ṣe ewé tí à ń já bó ṣe wù wá. Mo ń pe ẹgbẹ́ lẹ́jọ́."

"Ẹ má bínú, Apuuli. Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò ni?"

"Ìyàwó mi ti fi í sí ojú fóònù tirẹ̀. Ṣé wàá wá yọ ìyẹn náà?"

Alága Manyindo kì í bẹ̀rù ènìyàn, kóòtù ló ń bẹ̀rù. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti ránṣẹ́ pe agbẹjọ́rò kan láti Kampala, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Nakibuule, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ bí wọn yóò ṣe máa lo irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn kó wàhálà. Ó fi bàtà gogoro gun òkè ẹlẹ́rẹ̀ náà, ó sì dé orí rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo.

"Ẹ káàbọ̀ o, nyabo," ni Kabasomi wí, bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin pàtàkì níbẹ̀. "Kí ni empaako yín?"

"Mi ò ní in, ma. Ọmọ Buganda ni mí."

Kabasomi wò ó bí ẹni tó gbọ́ pé àlejò kò ní ìgúnpá. "Kò séwu. A óò wá ọ̀kan fún yín kí ẹ tó lọ."

"Iṣẹ́ ni mo bá wá, ma."

"Iṣẹ́ náà nìyẹn."

Wọ́n jókòó yí tábìlì ká, wọ́n bu tíì fún àlejò. Nakibuule ní kí wọ́n sọ fún òun, ta ló mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé ojú-ewé ẹgbẹ́?

"Àṣírí ńlá ni," ni Alága wí, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi àti Abwooli nìkan la mọ̀ ọ́n."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Abwooli ni wọ́n ń pè yín, ma. Ẹ̀yin ńkọ́, Alága? Wọ́n pè yín ní nǹkan kan bí ẹ ṣe ń wọlé."

"Araali."

Nakibuule tẹ nǹkan díẹ̀ lórí fóònù rẹ̀. Ó mu tíì lẹ́ẹ̀kan. Ó wá yí fóònù náà sí wọn, ojú-ewé ẹgbẹ́ sì ti là sílẹ̀ gbayawu, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ń wò wọ́n.

"Àjẹ́ ni ọmọ yìí!" ni Alága kígbe.

"Mi ò ṣe àjẹ́, sà. Empaako yín lẹ fi ṣe kọ́kọ́rọ́. Mélòó ló wà ní gbogbo Tooro?"

Kabasomi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lórí ìka. Ìka fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Bí ó ṣe ń kà ni ojú rẹ̀ ń rẹ̀wẹ̀sì.

"Olè tí kò mọ èwo ni tiyín," ni Nakibuule wí jẹ́jẹ́, "kò ní láti fọ́ ilẹ̀kùn. Ó kàn máa kí yín ni. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ fún un."

Ó jókòó tì wọ́n dọ́sàn-án. Ó yí ọ̀rọ̀ ìwọlé padà sí ohun gígùn kan tí ẹnu ènìyàn kò lè pè. Ó tò ó kí nọ́ńbà kan máa wọ fóònù Kabasomi nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wọlé, ó sì kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ ka nọ́ńbà yẹn fún ẹnì kankan, ìbáà ṣe ìyá tó bí i. Ó ní kí wọ́n máa gba àyè lọ́wọ́ ènìyàn kí wọ́n tó gbé àwòrán rẹ̀ síta. Ó ní kí wọ́n yéé kéde ìrìn-àjò Alága títí yóò fi padà dé. Ó ní kí wọ́n má fi empaako ṣe kọ́kọ́rọ́ mọ́. Gbogbo rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì mọ́gbọ́n wá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ba Alága. Ọkùnrin tí ẹ̀rù bá bà kì í fi òfin mọ níwọ̀n.

"Kò tó," ló wí, ó sì dìde. "Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pe empaako nínú ọgbà yìí mọ́. Kò gbọ́dọ̀ béèrè, kò gbọ́dọ̀ dáhùn. Lẹ́nu ọ̀nà, lórí fóònù, níbi gbogbo."

"Alága, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o," ni Nakibuule wí.

"A óò ṣe é ju bí o ṣe sọ lọ. Ẹni tó bá rú u, ilé rẹ̀ ló ń lọ. Abwooli... ìyẹn, Kabasomi! Ìwọ ni ẹnu ọ̀nà. Bó bá bọ́ lẹ́nu rẹ pẹ́nrẹ́n, àga yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ."

Kabasomi bojú wo àga náà láti inú yàrá. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ti wà nílé ọkọ. Bó bá délé lálẹ́, òun àti òkèlè jéró rẹ̀ ni wọ́n jọ ń wo ara wọn. Àga yìí ni gbogbo ariwo ayé tó kù fún un. Nínú gbogbo ohun tí agbẹjọ́rò ti sọ láti àárọ̀, kò sí èyí tó kù létí rẹ̀ mọ́. Òfin Alága nìkan ló ń ró gbọ̀n-ọ̀n níbẹ̀.

Ó sì pinnu pé òun yóò pa á mọ́.

Ìyá àgbà Nyakaisiki ló kọ́kọ́ dé lọ́jọ́ kejì, apẹ̀rẹ̀ ewé lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló gbé Kabasomi pọ̀n nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn.

"Abwooli! Ṣé o jí?"

"Mo jí o, ma."

Nyakaisiki dúró, ó ń retí ìyókù. Ìyókù kò dé.

"Mo ní ṣé o jí, Abwooli?"

"Mo jí dáadáa, ẹ̀yin... ẹ̀yin olóko tíì."

"Kí lo pè mí?"

"Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ọ̀wọ́n."

Ìyá àgbà sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. "Abwooli, kí ni empaako mi?"

Kabasomi mọ̀ ọ́n. Adyeeri ni. Ó ti dé ẹ̀yìn eyín rẹ̀, ó ń ta á létè. Ó fi aṣọ bo ẹnu, ó sì wúkọ́.

"Ṣé ehín ló ń dùn ọ́ ni?"

"Òfin ni, ma."

"Òfin wo ló ní kí o má mọ̀ mí? Èmi tí o tọ̀ sí lẹ́yìn?"

"Ẹ má bínú, ma. Ẹgbẹ́ ń ṣọ́ra fún olè ni."

"Èmi lolè!" Nyakaisiki gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà sẹ́yìn, kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n bá òun gbé e. "Ó dáa. Olè ń kó ewé rẹ̀ lọ sí òdìkejì odò, níbi tí wọ́n ti mọ orúkọ rẹ̀."

Òdìkejì odò ni ilé-iṣẹ́ aládàáni kan wà tó ń ra ewé tíì, tí inú wọn sì dùn láti kí ènìyàn. Ewé tí wọ́n já kì í dúró de ìlàjà. Bí ọjọ́ bá ṣú bá a, ó ti rọ nìyẹn. Nítorí náà àwọn olóko kò jiyàn pẹ́. Wọn yóò gun òkè dé, wọn yóò kí, wọn yóò dúró, Kabasomi yóò wúkọ́, wọn yóò sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò. Nínú ọ́fíìsì gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ méjì pàdé ara wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí èyí tó mọ bí òun yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n dúró ṣinṣin títí agogo oúnjẹ fi lù. Ẹnìkan dá a sílẹ̀ láti máa súfèé pe ara wọn, ṣùgbọ́n gbogbo ajá àdúgbò ni ó dáhùn.

Láàárín ìlú, ìtàn ti gbilẹ̀. Àwọn kan ní Kabasomi ti wọ ìjọ kan tí kì í jẹ́ kí wọ́n kí ènìyàn. Àwọn mìíràn ní ọkọ tuntun ló ń fẹ́, ará òkèèrè, tó ń jowú. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé Alága Manyindo ti ta gbogbo empaako ilẹ̀ náà fún àwọn ará Kampala, wọ́n ń bọ̀ wá kó wọn.

Kabasomi fara dà á. Ó gbẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó fara dà á.

Alága wá rìnrìn-àjò lọ sí Mbarara. Kabasomi kọ ọ́ sí ojú-ewé, pẹ̀lú àwòrán orí rẹ̀, nítorí iṣẹ́ yẹn ti mọ́ ọn lára, òfin tó ń gbé inú orí rẹ̀ kò sì bá orí Alága wí. Kí ọ̀sán tó pọ́n, fóònù rẹ̀ dún. Ó gbọ́ afẹ́fẹ́ àti ohùn kan tó há.

"Hẹ́lò. Alága ló ń sọ̀rọ̀."

"Alága! Ohùn yín ti yí padà."

"Eruku ọ̀nà ni. Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwọlé. Nọ́ńbà kan máa wọ fóònù rẹ báyìí. Kà á fún mi kíákíá."

Kabasomi dá etí sílẹ̀. Kì í ṣe nọ́ńbà ló ń gbọ́. Ó ń retí kí ọ̀rọ̀ yọ̀ lẹ́nu Alága. Látìgbà tí wọ́n ti ṣe òfin yìí, ìgbà gbogbo ni Alága ń ṣèèṣì pe Abwooli, tí yóò sì gbá ara rẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n lónìí, bí ó ti jìnnà tó yẹn, tí ẹnikẹ́ni kò rí i, kò pè é. Kò tilẹ̀ fẹ́ẹ́ pè é. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú obìnrin náà. "Ọkùnrin yìí ń pa òfin mọ́ títí dé Mbarara," ló sọ nínú ara rẹ̀, ó sì dìde dúró láti ka nọ́ńbà náà, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"O ṣeun, madam."

"Ẹ ṣeun, Alága. Ọlọ́run yóò ràn wá lọ́wọ́ lórí òfin yìí."

"Òfin wo?"

"Háà, ẹ̀yin náà!" Kabasomi rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Fóònù sì kú.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ojú-ewé ẹgbẹ́ àwọn olóko tíì ti ń ta ìpara tó ń mú irun hù. Orí Alága Manyindo wà lápá òsì, bí ó ṣe ń tẹ̀ wọ inú ọkọ̀, oòrùn lórí rẹ̀. Lápá ọ̀tún ni orí kan wà tó kọ ẹ̀yìn sí ènìyàn, irun rẹ̀ dí bí oko tíì lẹ́yìn òjò. Wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ wọn pé: "Alága wa kó tó lò ó. Alága wa lẹ́yìn tó lò ó. Ẹ yára wá sí ọ́fíìsì wa, kò pọ̀."

Kabasomi fẹ́ wọlé yọ ọ́. Ilẹ̀kùn kò ṣí fún un mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn tí kò gun òkè náà rí ti ń gùn ún. Àwọn kan ti sanwó ránṣẹ́, wọ́n ń béèrè ọjà wọn, wọ́n sì ń dárúkọ kóòtù. Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé bàbá rẹ̀ wá lórí alùpùpù boda, ó ṣí fìlà bàbá náà láti fi ibi tí iṣẹ́ wà han Kabasomi. Rusoke náà dé, fìlà lọ́wọ́.

"Mo ṣì ń pè yín lẹ́jọ́ o," ló wí. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. "Ṣùgbọ́n èló ni ti inú agolo kékeré?"

Èyí tó burú jù ni bí Alága ṣe padà dé. Kò tí ì gbọ́ nǹkan kan. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, àwọn ènìyàn yí i ká, obìnrin kan sì bá a ṣí fìlà láìtọrọ gáfárà. Gbogbo wọn wò ó. 

"Kò ṣiṣẹ́," ni obìnrin náà wí.

Wọ́n pe ìgbìmọ̀ jọ. Nakibuule padà wá láti Kampala, bàtà pẹlẹbẹ ló wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Rusoke jókòó sí àárín méjì, nítorí ọmọ ìgbìmọ̀ ni, olùpẹ̀jọ́ sì ni. Wọ́n ní kí Kabasomi dúró síwájú. Ó gbé fóònù rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ejò tó ti bù ú jẹ.

"Ìwọ lo fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé olè lọ́wọ́," ni Alága wí. Fìlà wà lórí rẹ̀, ó fà á dé ìpéǹpéjú.

"Òfin ni mo pa mọ́, Alága. Kò pe empaako, ni mo fi mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Òfin wo ló ní kí o ka nọ́ńbà fún un?"

"Ma," ni Nakibuule wí, "mo sọ fún yín pé kí ẹ má ka nọ́ńbà fún ẹnikẹ́ni."

"Ẹ sọ ọ́, nyabo. Mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti gba ìkíni lẹ́nu mi, mi ò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́."

Alága gbọn orí. Ó ti la ẹnu láti dá ẹjọ́, Kabasomi sì ti ń wo ẹnu ọ̀nà, ó ń rò ó bóyá wọn yóò jẹ́ kó gbé àga náà lọ sílé, nígbà tí fóònù dún lọ́wọ́ rẹ̀. Agbẹjọ́rò ṣẹ́wọ́ sí i pé kó jẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé," ni ohùn kan wí, ó dùn bí oyin. "Ọ̀dọ̀ àwọn tó ni Fesibúùkù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo rí i pé olè ti gba ojú-ewé yín. Ọmọ Tooro lèmi náà, ìdí nìyẹn tó fi dùn mí wọra. Nọ́ńbà kan ń wọlé sórí fóònù yín. Ẹ kà á fún mi, kí n gba ojú-ewé yín padà fún yín kí ilẹ̀ tó ṣú."

Fóònù náà dún tín. Nọ́ńbà ti dé.

"Kà á fún un!" ni Alága wí.

"Ẹ má kà á!" ni Nakibuule wí. Ó ti yọjú wò ó. "Ti Wasáàpù ẹgbẹ́ lèyí. Orúkọ àti fóònù gbogbo olóko ló wà níbẹ̀. Olè yẹn náà ni!"

"Olè kẹ̀? O ò gbọ́ pé ọmọ wa ni? Ọmọ ilé ló ń ran ilé lọ́wọ́. Àlejò ni ọ́, kò lè yé ọ."

"Ọmọ wa ni," ni ìgbìmọ̀ wí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti rẹ̀ wọ́n ju kí wọ́n máa wá òótọ́ lọ. Ojú-ewé wọn ni wọ́n ń wá.

"Kà á, kí àga rẹ lè wà níbẹ̀," ni Alága wí.

Kabasomi wo nọ́ńbà náà. Bó bá kà á, tó sì jẹ́ òótọ́, àga rẹ̀ ti dúró. Bí kò bá kà á, ó ti lọ. Ó gbé fóònù sún mọ́ ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹnu yẹn ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òfin sì ti dí i pa fún ọjọ́ púpọ̀. Nígbà tó là báyìí, ohun tó ti há sẹ́yìn eyín rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde.

"Ọmọ mi," ló wí, "kí ni empaako rẹ?"

Gbogbo ilé mí sínú. Ó ti rú òfin, lójú ẹni tó ṣe é.

 Wọ́n ń gbọ́ bí ìka ṣe ń tẹ nǹkan kókó kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn oyin náà, bí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ kiri. Ó sì dájú pé ohun tó rí dára lójú rẹ̀, nítorí pé ó padà dé pẹ̀lú ìgboyà.

"Okaali ni, màmá. Okaali ni wọ́n ń pè mí láti kékeré."

Rusoke ti dìde dúró kó tó mọ̀ pé òun dìde. Bàbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ti ṣí fìlà, ó ń wá ibi tí yóò kúnlẹ̀ sí láàárín àwọn àga. Orúnkún ènìyàn ní ìrántí tirẹ̀, kì í dúró de ọpọlọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ara wọn, ẹ̀rín sì bú.

"Okaali!" ni wọ́n ń kígbe. "Okaali!"

Alága já fóònù gbà. "Kábíyèsí! Ẹ dákun, ṣé inú ààfin lẹ ti ń ta ìpara ni?"

"Ẹ... ẹ ka nọ́ńbà náà..."

"Kábíyèsí, ìpara yín kò mú orí mi!"

Fóònù kú. Kò sì pè mọ́.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Rusoke fi gbàgbé pé òun kì í rẹ́rìn-ín. Alága nu ojú, ó rántí ara rẹ̀, ó gbìyànjú láti fajú ro.

"Ṣùgbọ́n òfin lòfin, Abwooli. O béèrè empaako níwájú gbogbo wa."

"Alága," ni Nakibuule wí, "ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é ní Abwooli."

Alága fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Gbogbo yín lẹ sì kígbe Okaali," ni Nakibuule tún wí. "Bí òfin yín bá dúró, gbogbo ìgbìmọ̀ ló ń lọ sílé."

"Ta ni mo máa wá pè lẹ́jọ́ nígbà náà?" ni Rusoke béèrè, ọ̀rọ̀ náà sì ká a lára ní tòótọ́.

 Wọ́n fagi lé òfin Alága, wọ́n padà sí ohun tí agbẹjọ́rò sọ lákọ̀ọ́kọ́. Kabasomi ní kí wọ́n fi ẹyọ kan kún un: bí ẹnìkan bá pè tí kò béèrè empaako, kí wọ́n fi í sílẹ̀ lóde. Nakibuule ní ó dáa, ṣùgbọ́n kó béèrè o, kó má béèrè o, wọn kò gbọ́dọ̀ ka nọ́ńbà. Wọ́n gbà. Ẹjọ́ Rusoke gba ìrọ̀lẹ́ kan kó tó parí: Kabasomi bẹ̀ ẹ́, ó sì ṣèlérí pé bí wọ́n bá gba ojú-ewé padà, àwòrán gáùn ni ohun àkọ́kọ́ tí òun yóò yọ. Ìyàwó Rusoke kò yọ tirẹ̀. Agbẹjọ́rò kọ̀wé sí àwọn tó ni Fesibúùkù, ó tún kọ̀wé, kí òjò ọdún náà tó dá, wọ́n dá ojú-ewé padà fún ẹgbẹ́, ìpara lára rẹ̀ káàkiri. Kí Nakibuule tó padà sí Kampala, ìgbìmọ̀ jiyàn lórí empaako tí wọn yóò fún un ju bí wọ́n ṣe jiyàn lórí olè lọ, wọ́n sì sọ ọ́ ní Atwooki. Kabasomi gbọ́ bí ó ṣe ń pè é fún ara rẹ̀ bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè.

Ẹni tó pẹ́ jù láti padà ni Nyakaisiki. Ó dé láàárọ̀ kan, apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń wo òrùlé.

"Adyeeri!" ni Kabasomi ké. "Adyeeri, ẹ káàárọ̀ o!"

"Ta ni ń pè mí?"

"Èmi ni, Adyeeri. Abwooli."

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ wa ọ̀wọ́n."

Kabasomi dìde lórí àga, ó kúnlẹ̀ sórí àtẹ̀gùn tútù. "Adyeeri, ẹ foríjì mí. Adyeeri tó gbé mi pọ̀n. Adyeeri tí mo tọ̀ sí lẹ́yìn."

Ìyá àgbà jẹ́ kó pè é títí inú rẹ̀ fi rọ̀. Ó wá sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. "Dìde, Abwooli. Orúnkún rẹ ti ń gbó. Wá bá mi gbé ẹrù yìí."

Nígbà tí Nyakaisiki wọlé lọ síbi ìwọ̀n, Alága Manyindo, tó ti ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, yọ orí jáde díẹ̀. Fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Abwooli."

"Araali."

"Ìpara yẹn. Ǹjẹ́ ẹnì kankan rí i gbà?"

"Rárá o, Araali. Kò sí ìpara kankan níbì kankan."

"Mo kàn béèrè ni." Ó dé fìlà rẹ̀, ó sì lọ.

Kabasomi padà jókòó sí àga rẹ̀, ó mú fóònù rẹ̀. Oòrùn àárọ̀ dára, Alága sì ti dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó tún ṣí fìlà náà, ó ń wo orí rẹ̀ nínú gíláàsì. Kabasomi wò ó pẹ́. Ó wá da fóònù náà dojú bolẹ̀ sórí itan, ó fì sí apá òsì, ó na ọrùn. Ẹnìkan ń gun òkè bọ̀.